Wọ́ọ́sì Tí Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de ènìyàn rí, tí ojú yín ti pọ́n lójú ọ̀nà, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí ọwọ́ wa kì í fi í tó ẹni tí a fẹ́ràn jù nígbà tí ó bá ń ṣubú.

Yàrá ijó kan wà ní àjà kejì ilé gíga kan. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀. Dígí gba ògiri kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irin ìdìmú sì gba ara ògiri kejì kọjá. Ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í padé dáadáa, ni dùùrù dúdú àtijọ́ kan wà, tí eyín rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà. Ijó báléè ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ijó tí àwọn ọmọbìnrin fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó wọn.

Ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù náà kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ga, ó tínrín, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tẹ orin kí ẹlòmíràn jó, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó jó, kí òun sì pa ìdérí dùùrù dé, kí ó máa lọ sílé.

Olùkọ́ Àgbà ló ni yàrá náà. Ọkùnrin kúkurú ni, àyà rẹ̀ yọ síwájú, ọ̀pá gígùn kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá yìí ló fi ń lu ilẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà sọ ìwọ̀n orin nù. Nítorí ọ̀pá náà, Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pẹ́ kí ó tó gbẹ́sẹ̀, Ọlọ́pàá á kígbe pé, "Orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni! Ṣé ìyá rẹ ló bí orin ni, tí á fi máa dúró dè ọ́?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni Olùkọ́ ní. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é ni Fúyẹ́.

Fúyẹ́, ọmọ Olùkọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ òwú, arìn-má-jí-ọmọ-tó-sùn. Ó fò bí ìyẹ́ àdàbà, ó balẹ̀ bí ìrì. Ó tẹ pákó, pákó kò mọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àtùpà kọjá, iná kò mì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà rí, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Nínú gbogbo orin tí atẹdùùrù ń tẹ̀, wọ́ọ́sì ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ọ rí, orin onímẹ́ta ni. Ọ̀kan á wúwo, méjì àti mẹ́ta á rọra tẹ̀ lé e, bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kan kalẹ̀ tó wá fi méjì yòókù ṣeré. Nínú àwọn eré báléè àtijọ́, ibi tí inú gbogbo ènìyàn bá ti dùn jù ni wọ́n máa ń fi wọ́ọ́sì sí: níbi àsè, níbi ọjọ́ ìbí, nígbà tí òdòdó bá ń tanná. Ìbànújẹ́ á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé títí wọ́ọ́sì á fi tán, kó tó jáde.

Eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà ní wọ́ọ́sì kan nínú, tí àwọn ọmọbìnrin fi ń gbé àtùpà lọ pàdé ìyàwó tuntun létí odò. Wọ́ọ́sì alátùpà ni wọ́n ń pè é. Fúyẹ́ ló máa ṣíwájú àwọn alátùpà.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Fúyẹ́ sáré wá láti igun yàrá, ó fò. Atẹdùùrù ń wò ó nínú dígí, bó ṣe máa ń wo gbogbo wọn. Ó rí i pé ọmọ náà ti ga ju orin lọ. Bí òun bá tẹ "ọ̀kan" báyìí, orin á ti balẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí "mẹ́ta", bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ru ẹrù bọ̀ lẹ́yìn. Fúyẹ́ balẹ̀, orin balẹ̀, àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Olùkọ́ yí orí bí ẹni tó gbọ́ eku lókè àjà.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọmọbìnrin náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó ń fi aṣọ nu ọrùn.

"Ẹ ṣé o, Bọ̀dá Onídùùrù."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ dúró dè mí lókè."

"Ìwọ lo pẹ́ níbẹ̀ jù. Mo ti rò pé o rí ilé tí o fẹ́ yá gbé ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn tó kù fi bojú wẹ̀yìn. "Bí mo bá rí i, ṣé ẹ máa wá kí mi?"

"Èmi tí mo ń bẹ̀rù àkàbà!"

"Ó dáa. Èmi náà á máa sọ̀kalẹ̀ wá kí yín."

Bó ṣe sọ ọ́ ló ṣe é. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ijó, á wá jókòó sí etí àga dùùrù, á tú okùn bàtà rẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa eyín dùùrù, wọ́n fi Ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́. Láìpẹ́, "ẹ" di "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀, atẹdùùrù sì ṣe bí ẹni tí kò kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ fún un rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Orí "mẹ́ta" ló ń sọ ọ́ sí. Gbogbo ìgbà tí Fúyẹ́ bá ti fò, á dúró dè é, nínú ìdúró bíńtín náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò gbé wà.

Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé ìdúró náà ti ń gùn sí i. Ó ń dúró níbi tí kò ti ní láti dúró tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ìfẹ́ ló ń fà á gùn. Áà, ọmọ ènìyàn! Olúwa, ẹ là wá lójú nígbà tí ojú ṣì wúlò fún wa.

*

Àbúrò Olùkọ́ ló ń rán aṣọ ijó nínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló tọ́ Fúyẹ́ dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Abẹ́rẹ́ ló máa ń kún ẹnu obìnrin yìí, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba àárín wọn kọjá. Lọ́jọ́ kan ó rí atẹdùùrù tó ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn.

"Ṣé ìwọ ni, àbí òjìji rẹ? Wọlé. Má tẹ aṣọ mi mọ́lẹ̀ o."

Ó wọlé, ó dúró sáàárín aṣọ funfun bí ẹni tó ṣìnà wọ inú àwọsánmà.

"Títí di ìgbà wo lo fẹ́ máa fi dùùrù bá ọmọ mi sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Àǹtí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni mo jẹ́? Bí Olùkọ́ bá bi mí pé kí ni mo ní, kí ni màá fi hàn án?"

"Ṣé èmi ni mo bi ọ́ ní ohun tí o ní? Ọmọ náà kò jẹ́ kí n sinmi. 'Àǹtí, ó tún dúró dè mí. Àǹtí, ẹ wo bó ṣe ń yíjú sí dígí.' Mo ní kí ó jẹ́ kí n rán aṣọ, ó ní kí n fi etí gbọ́, kí n fi ọwọ́ rán." Ó yọ abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu, ó tún un kì bọ aṣọ. "Ìfẹ́ yìí ti ń pa á bí ọtí. Ní ìjẹta, ó ní kí n fi rọ́bà kún bàtà ẹsẹ̀ òsì òun. Mo ní kí ló dé, ó ní bàtà ló tóbi. Bàtà tí kò tóbi láti ọdún tó kọjá! Ọkàn rẹ̀ kò sí nílé ni."

Atẹdùùrù gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló dúró létí rẹ̀. Ta ló máa bá a wí?

"Ṣé ẹ máa bá mi bá Olùkọ́ sọ ọ́, Àǹtí?"

"Mo ti rò pé o kò ní bẹ̀ mí láéláé. Lọ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ná. Kí n má lọ máa tọrọ ohun tí wọn kò fún ọ."

Ó bi í lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti àárọ̀ fọ́nká. Ohun tó rí sọ ni, "Ṣé wàá jẹ́ kí n máa dúró dè ọ́ nílé pẹ̀lú?"

Fúyẹ́ wò ó títí. "Mo ti ń retí kí o bi mí. Mo ti ń rò pé bóyá lórí dùùrù nìkan ni."

*

Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dáa nígbà tó bọ̀. "Ó ní kí o wá. Ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ kiri inú yàrá. Mi ò mọ ohun tó ń rò."

Olùkọ́ kò ní kí ó jókòó.

"Àbúrò mi sọ pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o rò pé mi ò gbọ́? Etí mi kò tíì di. Láti ìgbà òjò lo ti ń na 'mẹ́ta' fún un."

Atẹdùùrù tẹríba. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Lọ́jọ́ eré, ṣé ìwọ lo máa tẹ orin? Àwọn olórin tó kún kòtò iwájú ìtàgé ni. Aṣáájú wọn kò mọ̀ ọ́n rí. Bó bá ti mọ́ ọmọ mi lára pé ẹnìkan ń dúró de òun, níwájú gbogbo ènìyàn ló máa ti ṣubú. Kò tán síbẹ̀. Wàá gbé e sílé, wàá tún máa dúró dè é níbẹ̀, wàá máa bá a bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí kò fi ní mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Ṣé ọkọ nìyẹn? Dá mi lóhùn."

Atẹdùùrù tẹjú mọ́ pákó. Ó ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i.

"Mi ò lé ọ o," ni Olùkọ́ wí. "Ní Sátidé, a ó yí dùùrù kọjú sí ògiri. Kò ní sí dígí níwájú rẹ. Wàá tẹ wọ́ọ́sì alátùpà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òun á sì jó o. Bí o bá dúró dè é, ì báà ṣe bí ìṣẹ́jú ojú, màá gbọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán nìyẹn. Bí o kò bá dúró, máa mú un lọ. Màá fi ẹnu ara mi súre fún yín."

Ẹ wo ìdánwò! Wọ́n ní kí ọkùnrin fi ìfẹ́ hàn, kí ó fi ẹ̀yìn hàn.

Ó sáré lọ bá Fúyẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

"Jẹ́ ká sọ fún Bàbá pé a kò ṣe é."

"Ká má ṣe é kẹ̀? Lẹ́yìn tó ti là á sílẹ̀ fúnra rẹ̀? Ìwọ kò mọ bàbá mi. Kò lánu fún ẹnikẹ́ni rí tó báyìí."

"Mo ti ń dúró dè ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ méjì ni mo ní. Kà wọ́n."

"Fúyẹ́."

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ òsì yìí, ó máa ń dùn mí láàárọ̀. Ta ni ẹsẹ̀ kì í dùn nínú iṣẹ́ yìí? Bó bá ti gbóná, kì í dùn mọ́."

"Jẹ́ ká sọ fún Bàbá, tàbí fún Àǹtí."

"Kí wọ́n lè ní ọkùnrin ti sọ mí di ọ̀lẹ? Kí wọ́n gba àtùpà iwájú lọ́wọ́ mi? Rárá o." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́ mi. Ohunkóhun tí o bá gbọ́ lẹ́yìn rẹ, má dúró dè mí. Búra fún mi."

"Fúyẹ́, mi ò lè—"

"Bí o bá dúró, o ti pàdánù mi. Búra."

Ó búra. Lóru náà ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fẹ́ gbàdúrà, kò mọ èyí tí òun á tọrọ. Ṣé kí ẹsẹ̀ ọmọ náà yá ni, àbí kí ọwọ́ òun le? Ó pe Olúwa títí, kò rí ọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn, ó sì sùn lọ sórí eékún.

*

Sátidé dé. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó na ara rẹ̀ sórí pákó. Wọ́n ti yí dùùrù. Ìlà kan wà lára ògiri níwájú rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti sán. Olùkọ́ dúró sáàárín ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ apá, kò lù ú. Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àpótí, kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó tẹjú mọ́ ìlà tó wà lára ògiri. Ó gbọ́ aṣọ tó fẹ́ lẹ̀ẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tó balẹ̀ láìdún, bó ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, ó sì gbọ́ ọ.

Fúyẹ́ kì í dún. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ń dún. Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ́ àga sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń wò ó nínú dígí, ẹwà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn yìí rí. Nísinsìnyí tí kò sí ojú, etí rẹ̀ là. Gbogbo ìgbà tó ti dúró dè é, ìfẹ́ kọ́ ló ń fa ìdúró náà gùn. Ẹsẹ̀ yìí ni. Ọmọ náà ti ń pẹ́ nítorí ẹsẹ̀ yìí, òun sì ń fi dùùrù bò ó mọ́lẹ̀, títí kò fi sí ẹni tó rí i.

Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Ó gbọ́ tí ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ dúró. Ó tì í. Ó tún pẹ́. Òógùn bọ́ sílẹ̀ lórí eyín dùùrù. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Olúwa, ẹ gbà á mú, ẹ gbà á mú, èmi kò lè gbà á mú." Bí òun bá dúró, òun pàdánù rẹ̀. Bí òun bá tẹ̀ síwájú, òun ló ń fi ọwọ́ ara òun lù ú. Bí òun bá yíjú padà, òun da ìbúra. Kò sí ọ̀nà kẹrin. Orin náà dùn lọ́jọ́ náà, ó dùn títí ó fi burú, ìdùnnú àwọn alátùpà létí odò, tí ìyàwó tuntun ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kò dúró.

Ó kan fífò ìkẹyìn. Ó gbọ́ eré rẹ̀ lórí pákó. Bó ṣe ku díẹ̀ kí ó gbéra, nǹkan kan dún.

Pá!

Ó dún bí ìgbà tí okùn dùùrù bá já. Ó tẹ ìparí orin náà, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Okùn kan ti já," ni Olùkọ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tó wà lórí dùùrù ló ń wò nígbà náà. Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nínú yàrá yẹn. "Kò burú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin, o kò dúró. Dìde, jẹ́ kí n rí ọ. Mo fún ọ ní ọmọ mi."

Atẹdùùrù ti ṣí ìdérí dùùrù. Ó ń fi ìka wá okùn tó já. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Gbogbo wọn le dan-in dan-in.

"Bàbá," ni ohùn kan wí láti orí pákó, ó rọra bí ẹni tí kò fẹ́ da ènìyàn láàmú. "Kì í ṣe dùùrù."

*

Dókítà sọ pé iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ti ń ya díẹ̀díẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó já. Ó ní á rìn. Wọ́n bi í nípa ijó, ó ń nu ìgò ojú rẹ̀, ó tún sọ pé, "Á rìn."

Olùkọ́ àti atẹdùùrù jókòó sórí àga gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pá wà láàárín eékún Olùkọ́. Ó yíjú sí atẹdùùrù.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Látìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì kọ́kọ́ balẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò dúró?"

"Ẹ ní kí n má dúró, sà."

Olùkọ́ mi orí. Ó tún mì í. "Èmi kò kọjú sí ògiri," ló wí níkẹyìn. "Èmi ń wò ó. Mo rí i tó ń tiro. Mo ní ẹ̀ẹ̀, ẹ wò ó, ohun tí mo sọ ló ṣẹ yìí, dùùrù ti sọ ọmọ mi di aláìlágbára. Mo ní kí ó fara dà á. Mo ní kí ó fara dà á, kí ó lè mọ̀." Ọ̀pá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú un nínú wọn.

Eré náà wáyé. Ẹlòmíràn ló gbé àtùpà iwájú.

Fúyẹ́ kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Atẹdùùrù á wá, á jókòó sínú yàrá Àǹtí Abẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àǹtí á wọlé lọ, á jáde.

"Ó ní o kú ìrìn."

"Kí ló tún sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan mọ́. Jókòó, o ò rí i pé mo ní rọ́bà láti tú?" Bàtà òsì Fúyẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tú rọ́bà náà lánàá, ó tún un rán, ó tún ń tú u. "Ọwọ́ mi báyìí ló rán an. Mo ní bàtà kì í tóbi lójijì. Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ní ti atẹdùùrù, kò lè tẹ wọ́ọ́sì mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á dé orí "mẹ́ta", á dúró síbẹ̀, kò ní lọ síbì kankan. Ó fi yàrá ijó sílẹ̀, ó lọ ń tún dùùrù onídùùrù ṣe. Olùkọ́ kò wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ agbóhùnjáde ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Dùùrù wà bó ṣe wà, ó kọjú sí ògiri, kò sí ẹni tó láyà láti yí i padà.

Ó di ọjọ́ kan tí atẹdùùrù tún jókòó sí yàrá Àǹtí, ilẹ̀kùn ṣí, Fúyẹ́ fúnra rẹ̀ ló wọlé, ó ń fi igi tẹlẹ̀. Ohùn igi náà, ohùn ẹsẹ̀ náà, wúwo lórí ilẹ̀. Àǹtí kó àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan níta.

"O gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ni Fúyẹ́ wí.

"Mo gbọ́ ọ."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Èmi ni mo ní kí o búra."

Atẹdùùrù fa àpótí kan wá fún un.

"Mo ti gbìyànjú láti bínú sí yín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lé Bàbá lórí, ó ń já bọ́. Mo gbé e lé ọ lórí, ó ń já bọ́. Àǹtí pàápàá, nítorí rọ́bà. Mo gbé e lé ara mi, ìyẹn ló pẹ́ jù." Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. "Ìbínú náà kò rí ibi kankan dúró sí. Ó kàn ń bá mi gbélé ni. Ṣé o ṣì ń wá? Fúyẹ́ ti lọ o. Èyí tó kù wúwo."

"Èyí tó kù ni mo wá bá."

"Mi ò ní lè máa rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́."

"Èmi náà ò lè máa fi orin dá ọ lára yá."

Ó wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹ̀rín kékeré kan sì gba ẹnu rẹ̀ kọjá, kò dúró. "Ìyàwó tí kò lè jó, ọkọ tí kò lè tẹ dùùrù. Àwa náà á kúkú gbé ara wa."

*

Wọn kò pe èrò. Nígbà tí wọ́n ti ọ́fíìsì tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ bọ̀, Olùkọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà ní yàrá ijó. Ó ti gbá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó súre fún wọn bó ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni tó ń ka ohun tí ìwé rẹ̀ ti rin. Wọ́n jẹ, wọ́n mu díẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìsìnkú la wá ni? Ó yẹ kí ìyàwó àti ọkọ jó."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn wo dùùrù tó kẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Fúyẹ́.

"Kò sí olórin," ni atẹdùùrù wí jẹ́jẹ́, kí ìtìjú má baà bá ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ dìde. Ó lọ mú ọ̀pá tó fi ti ògiri. "Èmi ni màá kà á fún yín."

Fúyẹ́ fi igi rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbá a mú níbàdí. Olùkọ́ lu pákó. Ọ̀kan: ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ó dára. Ọ̀pá tún gbéra fún "méjì". Ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, ó dé àárín, ó dúró. Ó ń gbọ̀n.

Ọ̀pá náà kò sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ máa kà á lọ, Bàbá," ni Fúyẹ́ wí, ó ń mí gúlegúle. "Orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Apá bàbá náà ti ń wárìrì. Àgbàlagbà ni, ọ̀pá náà kì í ṣe fífúyẹ́. Omijé rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú irùngbọ̀n, kò ní ọwọ́ tó máa fi nù ún.

"Ọmọ mi," ló wí, "gbé e bọ̀ nígbà tí ó bá lè bọ̀."

Ẹsẹ̀ náà ń bọ̀. Ọ̀pá sì wà lókè.